Kéèkì Ayé Rìbìtì

Nígbà tí aago mẹ́jọ fi lù láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, Kúnbi ti ha áísìn kúrò lára kéèkì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń ro ó láti ọrùn-ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó ju ọ̀bẹ pẹlẹbẹ sínú abọ́ omi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú, ó wá wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Kéèkì náà rí rìbìtì bí bọ́ọ̀lù, áísìn búlúù ló sì fi bò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe rìbìtì tó ń wu ojú. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti kàn á tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tí ọ̀bẹ bá ti kúrò á ga bí ebè. Ẹni tó bá wò ó láti ẹnu ọ̀nà á rò pé ẹ̀wùrà tí wọ́n bẹ láìfarabalẹ̀ ni wọ́n kùn ní búlúù.

"Ìwọ kéèkì yìí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2006 ni, ooru sì mú ní Ìkòsì débi pé ògiri gan-an ń làágùn. Iná ti lọ láti ìdájí. Áísìn bọ́tà kì í bá ooru ṣọ̀rẹ́. Bí èèyàn bá ti ń pò ó ló ń rọ̀, bí ó bá ti ń rọ̀ ló ń yọ́ wálẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tí Kúnbi ti ń ṣe kéèkì nínú ilé yìí. Onígun mẹ́rin ni o, róbótó tí orí ẹ̀ tẹ́ ni o, alájà méjì, alájà mẹ́ta, kò sí èyí tọ́wọ́ rẹ̀ ò mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyẹn ló ní orí tó tẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ tó dúró ṣánṣán. Ẹ fi ọ̀bẹ gbá orí, ẹ fi ọ̀bẹ gbá ẹ̀gbẹ́, ó parí. Èyí tí kò lórí tí kò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, kò ṣe irú ẹ̀ rí.

Kò sì yẹ kó gbà á. Helen ló gbé e wá, olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Kétu. Ọ̀gá wọn obìnrin kan, tí gbogbo wọn ń pè ní Mummy Yẹ́misí, fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́yìn tó ti kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

"Àwa olùkọ́ fẹ́ kí kéèkì wọn rí bí ayé," ni Helen wí lọ́jọ́ náà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ya bọ́ọ̀lù nínú afẹ́fẹ́. "Glóòbù, Àǹtí Kúnbi. Èyí tó máa ń wà lórí tábìlì wọn. Kó jẹ́ búlúù, kí ilẹ̀ jẹ́ gíríìnì. Kó dán bí ẹyin o."

Ọjọ́ tí Helen wá yẹn náà ni bàbá Kúnbi ṣubú nílé ìwẹ̀. Kúnbi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dìde ni, aṣọ tútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán sílẹ̀ ní palọ̀, bàbá sì ń kérora nínú yàrá. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé kí àlejò yìí tètè máa lọ. Ló bá ní, "Ó máa ṣeé ṣe." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Bàbá yẹn náà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó wà láàárín palọ̀ àti ilé ìdáná láàárọ̀ yìí. Elkanah Adékọ̀yà ni orúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú ni, iṣẹ́ bíríkìlà ló sì ṣe jẹun. Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ bíríkìlà o, ilé rírẹ́ ni tirẹ̀. Nígbà tí ara ṣì le, bí wọ́n bá kọ́ ilé tán, òun ni wọ́n á wá pè pé kó wá fi ọwọ́ pa á lára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Kàná. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, apá ọ̀tún rẹ̀ kò bá a dìde, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́, ọ̀rọ̀ sì di ohun tó ń fi tipátipá yọ lẹ́nu bí ẹni ń yọ ẹ̀gún. Níyì, àbúrò Kúnbi ọkùnrin, ní ilé tirẹ̀ ní Ìṣẹrì Olówòrá kéré, ìyàwó òun sì ń lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ Kúnbi wà níbi iṣẹ́ ní Wàrì, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Kúnbi ni bàbá wà. Níyì á wá lọ́jọ́ Àìkú, á ra búrẹ́dì dání, á kí bàbá, á wo aago.

Kúnbi kò rojọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ yẹn kì í ṣe èyí tí oorun ń wò sàn. Ó ti wọ egungun, ó ti di ara aṣọ tó ń wọ̀. Lóru àná nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dìde sí bàbá.

Ó tún bu áísìn tuntun lé kéèkì. Ó fi ọ̀bẹ gbá a láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó dúró láti mí, ó tún gbá a. Ibi tó ti dúró yọ ìlà.

"Ó… ń dúró," ni bàbá wí láti ibi tó jókòó sí.

"Kí ló ń dúró, Bàbá?"

"Ọwọ́ ẹ. Ó ń… dúró."

"Ó ń rẹ ọwọ́ mi ni, sà."

Bàbá gbé ojú sókè díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀. "Pákó títẹ́… kì í rẹ́ òpó."

Kúnbi kò bojú wẹ̀yìn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kéèkì nìyí, kì í ṣe sìmẹ́ńtì."

Ọ̀rọ̀ náà le ju bó ṣe fẹ́ kó le lọ. Ó gbọ́ bí bàbá ṣe mí kanlẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n àtibẹ̀bẹ̀ náà iṣẹ́ ni, kò sì ní agbára iṣẹ́ mìíràn lára.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan sì wà nídìí ẹ̀ tó ti pẹ́. Nígbà tí Kúnbi fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ lọ kọ́ kéèkì ṣíṣe, bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohun tó wí ni pé, "Ìyẹ̀fun! Mo fi orí ru sìmẹ́ńtì kí ìwọ má baà ru nǹkan kan, o wá lọ ń po ìyẹ̀fun kiri." Láti ìgbà náà, bí àlejò bá béèrè iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Ó wà nílé, ó ń ṣeré." Òkèlè tó ń jẹ báyìí, inú eré yẹn ló ti ń wá. Kúnbi kò sọ èyí síta rí, ṣùgbọ́n ó ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà níbi tó ti ń fọ aṣọ bàbá.

Ó gbá áísìn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ọ̀bẹ wọ inú kéèkì, ó sì hú u jáde, odindi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Èérún dúdú dà wọ inú áísìn búlúù bí iyẹ̀pẹ̀ tó wọ inú omi.

Kúnbi fìdí lé garawa tó dojú dé nílẹ̀. Ó rò pé òun máa sunkún. Ó dúró de omijé, kò wá. Bóyá ó ti rẹ omijé náà. Kò ju wákàtí mẹ́rin lọ mọ́ tí Helen máa fi wá gbé e, bí a bá ti yọ àkókò tó fẹ́ fi ya ilẹ̀ sí i lára kúrò, ó ku mẹ́ta.

Bàbá na ọrùn wo ihò tó wà lára kéèkì náà.

"Alápẹ̀rẹ̀," ó ní.

Kúnbi gbójú sókè. "Sà?"

"Ilé kan… ní Alápẹ̀rẹ̀. Òpó mẹ́fà. Róbótó." Ó fi ọwọ́ òsì ya òpó nínú afẹ́fẹ́. "Mo jẹ́ ọmọdé nídìí iṣẹ́. Ọjọ́ méjì… mo rẹ́ ẹ, mo ha á. Mo rẹ́ ẹ, mo ha á." Ó dúró, ó gbé itọ́ mì. "Mo sunkún."

Kúnbi kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé.

"Ọ̀gá mi wá. Ó gé… ìsàlẹ̀ bàtà. Sílípáàsì. Rọ́bà. Ó ní, 'Kó tẹ̀ bí òpó ṣe tẹ̀.'" Bàbá ká ọwọ́ òsì bí ẹni di ẹ̀yìn ife mú, ó sì gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ láti apá kan dé ìkejì, láìdúró. "Rọ́bà ń tẹ̀. Pákó… kì í tẹ̀. O ń fi pákó rẹ́ òpó, Kúnbi."

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ṣùgbọ́n gbogbo agbára bàbá ló gbà. Ó fi orí ti ẹ̀yìn àga, òógùn bò ó níwájú orí.

Kúnbi wo ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó wà nínú abọ́ omi. Irin ni, ó sì le gbọnrangandan. Ó dìde. Ó tú ibi tí wọ́n ń kó ike sí, ó rí ọmọrí ike áísìkirìm kan tó ti ṣófo láti Kérésìmesì. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó tẹ̀, ó sì pa dà sípò. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ dànù, ó gé àárín rẹ̀ ní gígùn bí ìka mẹ́rin, ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó wá gbé e wá síwájú bàbá.

"Bí èyí, sà?"

Bàbá fi ìka òsì tẹ etí rẹ̀. "Ó ń gún. Fi nǹkan… ha á."

Ó fi ẹ̀yìn páálí ìṣáná fá etí ibi tó gé títí tó fi kúnná, ó tún un fọ̀. Bàbá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó mi orí pé ó ti tó.

"Ìpele àkọ́kọ́… fẹ́ẹ́rẹ́. Kó mú erùpẹ̀. Jẹ́ kó gan. Kí o tó rẹ́ tòótọ́."

Èyí kì í ṣe nǹkan tí Kúnbi kò mọ̀. Kò sí kéèkì tó ń ṣe tí kì í kọ́kọ́ fi áísìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn kí èérún má baà hú. Ìkánjú ló mú un fo ìyẹn láàárọ̀, ìkánjú àti àìsùn. Ó tijú díẹ̀ nínú ara rẹ̀ pé bàbá tí kò fọwọ́ kan kéèkì rí ló ń rán òun létí. Ó fi àfọ́kù kéèkì dí ojú ihò náà, ó fi áísìn fẹ́lẹ́ pa gbogbo ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé kéèkì náà pẹ̀lú pátákó tó jókòó lé, ó gbé e lọ sí ilé kejì, lọ́dọ̀ Ajarat tó ń ta omi tútù àti mínírà, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ń pariwo láti ìdájí.

"Ajarat, ẹ bá mi gbé e sínú fíríísà yín. Ogún ìṣẹ́jú péré."

Ajarat wo kéèkì, ó wo ojú Kúnbi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí omi jáde kí àyè lè gbà á.

Ogún ìṣẹ́jú yẹn, Kúnbi fi po áísìn tuntun. Ó fi abọ́ rẹ̀ lé orí yìnyín tí Ajarat fún un kó má baà yọ́, ó gbé omi kaná, ó sì fún bàbá ní oògùn àárọ̀ tó ti pẹ́ jù. Nígbà tó gbé kéèkì náà dé, ara rẹ̀ ti gan bí ògiri. Ó gbé e lé orí pẹpẹ kékeré tó ń yí, ó bu áísìn lé e nípọn, kò sì bìkítà bí ó ṣe rí gbágungbàgun. Ó ti ike rẹ̀ bọ inú omi gbígbóná, ó fi aṣọ mímọ́ nù ún, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀yìn oṣù tuntun, ó gbé e sí ìdí kéèkì.

Ó na ọwọ́ òsì sí pẹpẹ.

Kò sí bó ṣe lè fi ọwọ́ kan yí pẹpẹ, kó fi ọwọ́ kejì di ike mú, kí méjèèjì má gbọ̀n. Ó gbìyànjú rẹ̀, ike fò, ó fi ìlà kan sílẹ̀.

"Gbé mi… súnmọ́ ọn," ni bàbá wí.

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀, mo máa—"

"Gbé mi súnmọ́ ọn."

Kúnbi wọ́ àga bàbá títí dé ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Bàbá na ọwọ́ òsì, ó di etí pẹpẹ náà mú. Ó wo kéèkì náà fún ìgbà díẹ̀, ó ń fojú wọ̀n ọ́n láti ìdí dé orí, bó ṣe máa ń wo ara ilé tẹ́lẹ̀ kó tó po iyanrìn.

"Gbé ọwọ́ ẹ sí i. Má gbé e kúrò. Ìwọ dúró." Ó mí. "Èmi ni mo máa rìn."

Pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò yára. Bàbá ń fi ìka tì í díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìka ìfábẹ̀lá, kò sí ibi tó ti já. Kúnbi tẹ ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó dúró, ó jẹ́ kí kéèkì máa bọ̀ wá bá ọwọ́ òun. Áísìn tó pọ̀ jù ń kó jọ sára ike bí ìfófó. Nígbà tí wọ́n yí i ká tán lẹ́ẹ̀kan, Kúnbi gbé ike kúrò, ó nù ún, ó tì í bọ omi gbígbóná. Lára kéèkì, níbi tí ike kọjá, ìgbànú búlúù kan wà tó dán, tó sì tẹ̀ bí ó ṣe yẹ kó tẹ̀, láìní ìlà kankan.



Wọ́n gùn ún lọ sókè, àyíká lé àyíká. Bí orí rẹ̀ bá ti ń kéré sí i, Kúnbi á túbọ̀ tẹ ike sí i, bàbá á sì yí i pẹ̀lẹ́. Èémí bàbá ń dún létí rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn róòbù lára rẹ̀, òórùn tó ti sú u láti ọdún méjì, tí kò sì sú u ní ìṣẹ́jú yẹn, tàbí bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti jẹ́ kó sú òun. Nígbà tí wọ́n dé góńgó orí, ó fa ike náà sí àárín, ó gbé e kúrò wéré. Ibẹ̀ náà dán.

Ó ku àyíká kan nísàlẹ̀, tí Kúnbi fẹ́ tún ṣe. Bí wọ́n ṣe fẹ́ parí rẹ̀ ni ọwọ́ bàbá sán lójijì. Pẹpẹ ta, ike wọlé, kòtò kan tó gùn tó ìka méjì sì là sí ẹ̀gbẹ́ ayé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. "Mo ti bà á jẹ́."

"Ẹ ò bà á jẹ́, sà."

"Mo ti bà á jẹ́, Kúnbi."

"Bàbá, ẹ wò ó." Ó fa ìwé àwòrán ayé tí Helen fún un sún mọ́ wọn, ó fi ìka tọ́ka. "Ilẹ̀ ló máa wà níbẹ̀ yẹn. Mo máa fi gíríìnì bò ó. Ọsirélíà nìyí."

Bàbá tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Àwọn òyìnbó kan ni."

"Kí wọ́n… má bínú," ni bàbá wí.

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu Kúnbi kó tó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Apá ibi tó ń gbọ́ràn lójú bàbá náà ká díẹ̀, ibi tí kò gbọ́ràn wà bó ṣe wà.

Kò ju aago méjìlá àbọ̀ lọ tí Helen fi dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ gíríìnì ti wà lórí búlúù nígbà náà, ó nípọn díẹ̀ ní Áfíríkà, ó nípọn jù ní Ọsirélíà. Helen rìn yí i ká, ó tẹ̀ríba, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Àǹtí Kúnbi, ó dáa o. Níbo ni Nàìjíríà wà?"

Kúnbi wo Áfíríkà rẹ̀. Kò ya Nàìjíríà sọ́tọ̀. Ó fi igi ìtayín mú áísìn pupa díẹ̀, ó kán an síbi tó rò pé ó yẹ kó wà.

"Ẹ ṣé. Wọ́n á wá a ni," ni Helen wí. Ó tan afẹ́fẹ́ tútù inú ọkọ̀, wọ́n gbé kéèkì sílẹ̀ níwájú àga, ó sì lọ. Kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe dán. Èèyàn kì í kíyè sí ohun tó bá dán. Ibi tó bá họ lojú ń lọ.

Nígbà tí Kúnbi wọlé pa dà, gbogbo abọ́ ló dọ̀tí, áísìn búlúù wà lára ògiri, lára àga, lára ìlẹ̀kùn ìdáná. Ó wà lára ìka bàbá náà. Ó mú aṣọ tútù kó lè nù ún, bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi ìka náà sẹ́nu. Ó lá a, ó ronú.

"Ó dùn jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, sà."

"Ó dùn jù. Fún mi lẹ́kọ."

Ó fún un lẹ́kọ. Ó fi ṣíbí bù ú fún un, ó nu ẹnu rẹ̀, ó tì í pa dà síbi afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti ń wọlé. Ó ti retí pé bàbá á sọ nǹkan kan, irú ọ̀rọ̀ tó ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó jẹ́ kí ọwọ́ òun pẹ́ díẹ̀ lórí àwo, bóyá á sọ ọ́. Bàbá jẹ ẹ̀kọ tán, ó gùfẹ̀, ó sùn.

Kúnbi kò fọ abọ́. Ó tẹ́ ẹní sí palọ̀, ó na gbọọrọ lé e lórí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó sùn bí òkúta.

Fóònù ló jí i. Oòrùn ti yí lójú fèrèsé, ó ti tó aago márùn-ún.

"Àǹtí Kúnbi!" Ariwo pọ̀ lẹ́yìn Helen, àwọn kan ń kọrin. "Mummy Yẹ́misí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e! Wọ́n ní kéèkì yìí ti dára jù. Nígbà tá a bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n inú òkun nìkan ni ká ti jẹ o, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ Áfíríkà. Wọ́n ti gbé Áfíríkà lọ sílé!"

"Ẹ bá mi kí wọn, mà."

"Ẹ gbọ́, ọ̀gá wa kan tún ń béèrè bọ́ọ̀lù fún ọmọ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó máa ṣeé ṣe, àbí?"

Kúnbi wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pè yín pa dà, Àǹtí Helen," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sinmi."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá ti jí, ó ń wò ó láti orí àga.

"Wọ́n ní… ó dáa?"

"Wọ́n ní ó dáa, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni bàbá wí, ó sì di ojú rẹ̀ pa dà.

Kúnbi ronú lórí àwọn abọ́. Ó ronú lórí omi ìwẹ̀ bàbá, lórí oògùn alẹ́, lórí ohun tí wọ́n máa jẹ. Ó sún ẹní rẹ̀ kúrò níbi tí oòrùn ti ń pa á lójú, ó sì tún dùbúlẹ̀.